Jíà kọ́ ló bàjẹ́: ọ̀rọ̀ BMW X3 ẹ̀gbọ́n mi ní Kubwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá jíìpù kékeré olówó ńlá tó jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ sún mọ́ ibí, ọ̀rọ̀ táyà la fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì àti jíà lẹ fẹ́ gbọ́, gbogbo èèyàn ló máa ń béèrè ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ẹ̀gbọ́n mi náà béèrè. Wọ́n mú mẹ̀káníìkì dání lọ sọ́dọ̀ dílà, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wa ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n wo èéfín, wọ́n yọjú wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò, wọ́n tan ésì títí òtútù fi mú wọn, wọ́n yẹ pépà kọ́sítọ́ọ̀mù wò, gbogbo ẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó lòṣòó kó ka nọ́ńbà tó wà lára táyà.

Ọkọ̀ ọ̀hún ni BMW X3 xDrive28i, ti 2012, aláwọ̀ eérú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi, Kubwa l'Ábùjá ni wọ́n ń gbé, Federal Secretariat ni ibi iṣẹ́, wọ́n sì máa ń lọ sílé l'Ómù-Àrán bí ọ̀rọ̀ ìdílé bá ti yọjú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdílé kì í tán. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kúrò nínú Corolla ní 2024, gbogbo wa la jọ pariwo Lexus RX, àbí Highlander. Wọ́n ní rárá, láti ìgbà táwọn ti wà ní yunifásítì lojú àwọn ti wà lára BMW, ṣé ìgbà táwọn bá fẹ̀yìn tì tán làwọn ó tó gùn ún ni? Kí lẹ fẹ́ fi dáhùn ìyẹn?

Kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn sáré lọ rà á o. Wọ́n ti wádìí ẹ̀ dáadáa. Nínú èyí tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà, 28i ti 2011 àti 2012 ló ní ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta, sìlíńdà mẹ́fà, tí ò ní tọ́bò. Láti 2013 ni wọ́n ti gbé lítà méjì tó ní tọ́bò sí i, èyí tí ọ̀rọ̀ ṣéènì inú ẹ̀ gbé àwọn tó ni ín dé kóòtù lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ní 2012 làwọn fẹ́, òun náà ni wọ́n rí rà. (Ọkọ̀ Jámánì la máa ń pè é, àmọ́ Spartanburg ní South Carolina, l'Amẹ́ríkà níbẹ̀, ni wọ́n ti tò ó, ẹ wo nọ́ńbà ṣáísì ẹ̀, 5UX ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ wa ṣá.)

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbádùn ni. Kubwa Expressway láàárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó kún, ńṣe ló máa ń lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti wà lórí eré àfi tẹ́ ẹ bá wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Epo nìkan ló ń dùn wọ́n. Lítà 67 ni táńkì ẹ̀ ń gbà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lópin oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí lítà kan ò tíì tó 200 náírà l'Ábùjá, táńkì kíkún ò tó 13,400. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024, tí NNPC ń ta lítà kan ní 1,030 l'Ábùjá níbí, táńkì kan náà ti di 69,010. Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún ọmọ filéṣọ̀n mọ́ pé kó kún un, ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni wọ́n ń rà, wọ́n á sì pa ésì tí wọ́n bá ti dé Dutse Junction.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń gbọ̀n, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Tó bá ti wà lórí eré, kò sí nǹkan kan. Tó bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ tí wọ́n bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Berger l'Ábùjá, tí ọ̀nà wá là díẹ̀, tí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ láti bíi 30 lọ sí 60, ọkọ̀ á gbọ̀n gìrìgìrì, á tún dákẹ́. Tí wọ́n bá sì yí sìtíárìn tán pátápátá níbi ìgbọ́kọ̀sí ní Secretariat, á máa fà tìkọ̀tìkọ̀, ẹ ó gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, gbìn, gbìn. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ̀rọ̀ nípa 4x4 sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná yẹ́lò tàn, wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n tún un tan, iná lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ó ti tán nìyẹn. Kò tán.

Wọ́n gbé e lọ sí Mechanic Village l'Apo. Ọ̀gá tó gbà á lọ́wọ́ wọn kì í ṣe òpè o, ó mọ Toyota àti Honda bí ẹni mowó, àmọ́ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kọ́kọ́ wá dípísítíìkì lára ẹ́ńjìnnì yẹn títí òógùn fi bò ó, kò mọ̀ pé kò ní, ojú sìkíríìnì inú ọkọ̀ lẹ ti máa ka bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe kù tó. Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n ti fura látibẹ̀. Sìkáná tí wọ́n sì fi yẹ ọkọ̀ wò jẹ́ irú àwọn kékeré tó ń gbélé nínú àpò ṣòkòtò, ẹ́ńjìnnì nìkan ni irú wọn sábà máa ń kà. Kò sí kóòdù àṣìṣe kankan. Ó ní á jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ni. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì méjì. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó ní ó ti yé òun wàyí, jíà ni.

Ibi ọ̀rọ̀ jíà yìí, ẹ dúró díẹ̀. Jíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ilé iṣẹ́ ZF ti Jámánì ṣe ló wà nínú ọkọ̀ náà. BMW ò fún ọ́ìlì inú ẹ̀ ní àsìkò ìpààrọ̀, wọ́n ní ọ́ìlì àtọmọdọ́mọ ni. ZF tó ṣe jíà fúnra ẹ̀ ní kí èèyàn pààrọ̀ ẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Èmi o, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe nǹkan ni mo máa gbọ́. X3 ẹ̀gbọ́n ti lé ní 90,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi 145,000 kìlómítà, nítorí náà owó ọ́ìlì jíà tí wọ́n ná l'Apo ò ṣòfò, ó ti tó àsìkò. Wọ́n pààrọ̀ pánù abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú, torí oníke ni pánù yẹn, fílítà sì wà lára ẹ̀, wọ́n jọ ń lọ ni. Jíà wá ń wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ gìrìgìrì yẹn ò kúrò ńbẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀gá Apo là á mọ́lẹ̀: "Ọ̀gá, jíà yìí ti kú. Ẹ jẹ́ n bá yín wá Belgium tó mọ́." Belgium, ìyẹn jíà àlòkù tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, 1,600,000 náírà, iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń panu mọ́ látọjọ́ yìí. Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ọkọ̀ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ràn wàhálà. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀ o."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ tà á fún, nígbà tó ń gbọ̀n?"

Kí n tó gbọ́, wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ní kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí i, kí wọ́n jẹ́ ká fi ọkọ̀ yẹn han ọmọkùnrin kan tó wà ní Kubwa níbí. Wọ́n ní ṣé wọn ò ti ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ojú méjì ló ń ríran, ẹ dìde ká lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọmọkùnrin náà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò tóbi, ọkọ̀ Jámánì nìkan ló sì ń ṣe, tẹ́ ẹ bá gbé Camry wá á júwe ọ̀dọ̀ ẹlòmíì fún yín. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ jíà fún un, ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà," àmọ́ ó ti lòṣòó sílẹ̀, ó ń fi iná fóònù wo ara táyà iwájú, ó bọ́ sẹ́yìn, ó tún padà síwájú. Kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Dádì, ta ló fi táyà ẹ̀yìn yìí sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wà tá a fi rà á. Tuntun ni."

"Mo rí i pé tuntun ni, sà. Táyà Lexus ni."

Iwájú ni 245/50R18, sáìsì tó bá ọkọ̀ yẹn mu gan-an, àmọ́ ó ti jẹ, ojú ẹ̀ ò ju mìlímítà mẹ́ta lọ mọ́. Ẹ̀yìn ni 235/55R18, irú èyí tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ RX 330, tuntun gẹlẹ, ojú ẹ̀ tó mìlímítà mẹ́jọ. Rímù íǹṣì 18 kan náà ni, ó wọlé geere, téèyàn bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán kò lè mọ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, ìkejì ni ìdá tí gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìkẹta ni rímù. Nítorí náà 245/50R18 tuntun ga tó mìlímítà 702 láti ìsàlẹ̀ dókè. Tí mìlímítà márùn-ún bá ti jẹ lára ẹ̀ yíká, ó di 692. 235/55R18 tuntun ga tó 716. Mìlímítà 24 péré ló wà láàárín wọn, kò ju ìka méjì lọ, ẹ ó ní kí ló wá wà níbẹ̀. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá rin kìlómítà kan, táyà iwájú á yí tó bíi ìgbà 460, ti ẹ̀yìn á yí bíi 445. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iwájú fi ń ju ẹ̀yìn lọ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Láti Abuja dé Lokoja, tó jẹ́ nǹkan bíi 200 kìlómítà, ó ti di 3,000, wọn ò sì tíì kan ọ̀nà Kabba.

Nínú Corolla, tó jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ló ń fa ọkọ̀, irú èyí ò ní dá wàhálà kankan sílẹ̀ fún jíà. xDrive, ìyẹn ètò tí BMW fi ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀, ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni agbára ń lọ nígbà gbogbo, àmọ́ lẹ́yìn jíà ńlá, ilé kékeré kan wà tí àwọn mẹ̀káníìkì ń pè ní tránsífà. Inú ẹ̀ ni àwọn irin pẹlẹbẹ bíi ti kílọ́ọ̀ṣì wà, mọ́tò oníná kékeré kan ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi agbára ránṣẹ́ síwájú. Ètò ẹ̀ ni pé kí iwájú àti ẹ̀yìn máa yí ní iye kan náà, kó jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀ àbí níbi kọ́ńà ni wọ́n á ti yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ wá so ẹsẹ̀ ẹni gíga mọ́ ẹsẹ̀ ẹni kúkúrú, kí ẹ ní kí wọ́n sá eré dé Lokoja. Àwọn pẹlẹbẹ yẹn á máa ha ara wọn láìsinmi, inú ibẹ̀ á gbóná, ọ́ìlì ẹ̀ á gbó, wọ́n á máa gbára wọn mú wọ́n á tún máa jára wọn sílẹ̀. Gìrìgìrì tí ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ nìyẹn. Tó bá wà lórí eré, kọ̀ǹpútà ò fi bẹ́ẹ̀ nílò iwájú mọ́, ó tú wọn sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí Kubwa Expressway fi ń dùn tí Berger ò dùn.

Ó wá gbé sìkáná tiẹ̀ jáde, èyí tó ń wọ inú gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì, kò sí nǹkan. Jíà, kò sí nǹkan. Ó dé orí tránsífà, kóòdù ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó wo ibẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé torí táyà ni mo ṣe fẹ́ lọ jẹ gbèsè mílíọ̀nù méjì?"

Wọ́n pe dílà lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi í sórí sípíkà. Dílà ní, "Ẹ̀gbọ́n, oore ni mo ṣe yín o, mo fi táyà tuntun sí i fún yín." Mi ò rò pé ó ń pa irọ́ pẹ̀lú. Ọkọ̀ kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ ti parun, 245/50R18 kì í wọ́pọ̀ lọ́jà, 235/55R18 ló wà nílẹ̀, ó wọ rímù, ó ń dán, oníbàárà á rí rọ́bà tuntun inú ẹ̀ á dùn. Ọkọ̀ ló ń tà, kì í wà á pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, oore yẹn ló jẹ owó púlọ́ọ̀gì, ló jẹ owó kọ́ìlì, ó ku díẹ̀ kó jẹ owó jíà.

Ríra táyà wá di iṣẹ́ míì. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ní ẹ̀yìn méjì nìkan làwọn máa rà, kó kàn jẹ́ 245/50. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní tí wọ́n bá fi tuntun sẹ́yìn tí èyí tó ti jẹ sì wà níwájú, ọ̀rọ̀ náà ṣì kù díẹ̀ síbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, sáìsì kan, orúkọ kan, kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n jọ máa jẹ. Ọ̀rọ̀ rọ́nfùláàtì tún délẹ̀. Òun ni ọkọ̀ yẹn ń gbé jáde láti ilé iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le, tó bá tiẹ̀ lu, ẹ lè máa rọra wà á lọ dé nǹkan bí 80 kìlómítà lórí eré tí ò ju 80 lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi sí sípíà nínú búùtù. Ohun tó dáa ni, fún ẹni tó ń gbé níbi tí ṣọ́ọ̀bù táyà wà lọ́tùn-ún lósì. Ṣé ẹ wá mọ ọ̀nà Lokoja, ihò tó wà láàárín Abaji sí Koton-Karfe, àti pé ọ̀pọ̀ fọkanáísà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ ò ní irinṣẹ́ tó lè ṣí táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ líle bẹ́ẹ̀? Owó ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fẹnu kò sí táyà lásán mẹ́rin, wọ́n sì ra ìkarùn-ún ṣe sípíà, sáìsì kan náà. Sípíà yìí ò ní ilé nínú búùtù, orí kápẹ́ẹ̀tì ló ń jókòó sí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò sì tíì dákẹ́ lórí ẹ̀ di báyìí, wọ́n ní nígbà táwọn bá lọ ra oúnjẹ lọ́jà, àyà ni káwọn fi gbé àpò ìrẹsì ni àbí?

Ọjà táyà fúnra ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Michelin ti ilé iṣẹ́ wọn ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró n'Íkẹjà ní 2008, láti ìgbà náà dọ́là ló ń sọ iye tí táyà máa jẹ́, dọ́là ọ̀hún náà ti fò sókè látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ẹnìkan ní kí ẹ̀gbọ́n ra tòkunbọ̀. Táyà tòkunbọ̀ ti ọkọ̀ kékeré wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n má kó wọlé, ó sì wà ní gbogbo kọ́ńà Kubwa, ẹ lọ wò ó, wọ́n á ti fi nǹkan dúdú kùn ún kó máa dán. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tí ò ka nọ́ńbà táyà rí láyé wọn ti di ọ̀mọ̀wé. Mállàm tó ń ta tuntun gbé márùn-ún sílẹ̀, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń wá nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Mẹ́rin jẹ́ ti 2024. Ọ̀kan jẹ́ 1219, ọ̀sẹ̀ kejìlá 2019. "Mállàm, eléyìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ilé ìwé." Mállàm rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ gbé òmíì wá.

Wọ́n gbé táyà wọlé, wọ́n ṣe aláínmẹ́ǹtì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá tú ọ́ìlì tránsífà. Kò tó lítà kan, ó dúdú kirikiri, ó ń rùn bí ohun tó jó. Ọ́ìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni o, kì í ṣe ti jíà, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, àwọn kan máa ń rọ ATF, ọ́ìlì jíà lásán, sí i, wọ́n á sì máa ní ọkọ̀ ò gbádùn. Ó rọ tuntun sí i, ó fi sìkáná sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọ́ìlì tuntun ti dé kó tún bó ṣe ń tẹ àwọn pẹlẹbẹ yẹn kọ́. Ó kọ́kọ́ ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n pé ohun tó ti ha ti ha, òun ò lè búra pé á lọ tán.

Lóòótọ́, kò lọ tán. Ó lọ púpọ̀. Ní Berger ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, níbi ìgbọ́kọ̀sí náà ó ti dákẹ́, iná yẹ́lò ò tàn mọ́. Láàárọ̀ ọ̀gìnnìtìn nìkan ló ṣì máa ń ta pútú lẹ́ẹ̀kan kí ọkọ̀ tó gbóná. Wọ́n ti wà á lọ sí Òmù-Àrán, wọ́n gba Lokoja, wọ́n gba Obajana bọ́ sí ọ̀nà kọnkéré tó lọ sí Kabba, wọ́n ní ká tó dé Kabba oorun ti gbé ìyàwó àwọn lọ, ẹni tó ní kí wọ́n tà á. Táyà márààrún, ọ́ìlì, sìkáná, iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò pé ìdajì owó jíà Belgium. Táyà ẹ̀yìn méjì tí wọ́n yọ, ẹnìkan tó ń wa RX 330 ní àdúgbò wọn ti rà á.

Ohun tó kù báyìí ni ọ́ìlì tó ń rọra yọ níbi gásíkẹ̀tì tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n bá dúró nídìí iná títì ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó gbọ́ òórùn ẹ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́fà yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ti dàgbà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí wọ́n gbé e wá tí owó oṣù bá wọlé. Ọ̀gá Apo pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti rí jíà Belgium kan tó mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn wá ẹni tí jíà tiẹ̀ kú.